Níbo Ni Wọ́n Ka Bàbá Ńlá Yín Sí?

Ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó bí wa.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń tọpa ìran wọn nínú ìwé ìkànìyàn àtijọ́. Ẹnì kan á ní, bàbá ńlá mi rèé ní 1901, àgbẹ̀ ni, ilé tó ń gbé rèé, orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ rèé. Ni àwọn ọmọ wa bá ń pè sílé: "Mọ́mì, ìwé ìkànìyàn ti Òṣogbo ńkọ́? Ṣé a lè rí bàbá bàbá Dádì níbẹ̀?" Àwọn òbí ò sì mọ ohun tí wọn yóò sọ.

Ẹ jẹ́ n bá wọn dáhùn. Ẹ tú gbogbo ìwé ìkànìyàn tí ìjọba òyìnbó tẹ̀ jáde nílẹ̀ yìí láti èèpo dé èèpo, ẹ ò ní bá orúkọ àgbẹ̀ kan ṣoṣo pàdé níbẹ̀, yálà ti Òṣogbo ni o, tàbí ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iye orí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa rédíò. Bí ẹ bá mọ ìdí tí orúkọ náà kò fi sí níbẹ̀, ẹ ó mọ ibi tó sá sí.

Ìkànìyàn ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1866, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Wọ́n tún kà á ní 1871, lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni. Àwa ará òkè kò sí nínú ìyẹn. Ó di 1911 kí wọ́n tó na ọwọ́ ìkànìyàn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì tún ṣe é ní 1921. Ẹ má rò pé akànìyàn ń wọ ojúlé dé ojúlé nígbà náà o. Ajẹ́lẹ̀ á ránṣẹ́ sí ọba, ọba á ránṣẹ́ sí àwọn baálé, baálé á sọ iye ọkùnrin tó wà lágbo ilé rẹ̀, akọ̀wé á wá jókòó fi ìṣirò gbé iye obìnrin àti ọmọdé kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe é dáadáa ní 1931, àmọ́ eéṣú bo oko káàkiri, àwọn òṣìṣẹ́ tí ì bá kànìyàn di ẹni tó ń lé eéṣú. Ìjà tí àwọn obìnrin Ábá bá ìjọba jà ní 1929 nítorí owó orí kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn òyìnbó, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti tún máa ka orí èèyàn. Ibi tó pọ̀ ló jẹ́ pé ìwé owó orí ni wọ́n ṣí, tí wọ́n fi ṣírò. Ní 1941, ogun Hitler kò jẹ́ kí wọ́n kànìyàn rárá. Ìgbà tó di oṣù Kejìlá 1952 ni wọ́n tó ka gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bó ti yẹ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ nípa Òṣogbo. Ní 1911, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 60 èèyàn. Ní 1921, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 51. Ní 1931, kò tó ẹgbẹ̀rún 50 mọ́. Nígbà tó di 1952, ó fò sókè, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 120. Ní 1963, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún 200.

Ẹ bá mi wò ó. Rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907. Iléṣà kò ní rélùwéè, nítorí náà ibí ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ti ń gba ẹrù wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì wá, àwọn ará Ìlọrin wá, èrò ń wọlé. Ìlú tó ń gba àlejò bẹ́ẹ̀ ni ìwé sọ pé ó ń dín kù fún ogún ọdún!

Àrùn lùkúlùkú ti 1918 pa èèyàn púpọ̀, òótọ́ ni. Ti 1911 sì lè jẹ́ àfojúwọ̀n tí wọ́n bù jù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí tó tóbi jù wà lọ́nà oko. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, ilé méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú agbo ilé ní ìgboro, níbi tí wọ́n sin àwọn bàbá rẹ̀ sí. Ìkejì wà ní aba, níbi tó ti ń gbin iṣu, tó ń ká kòkó, tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ̀. Nígbà ọdún egúngún, ọdún Ọ̀ṣun tàbí Iléyá, ẹ ó rí i nílé. Bí ọdún bá ti ré kọjá, ó ti gbé àdá, ó ti lọ. Kòkó tún wá fà á jìnnà: àwọn ará Òṣogbo wọ igbó Ifẹ̀ àti ti Ìjẹ̀ṣà lọ tọrọ ilẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Nígbà tí baálé bá ń kànìyàn, ṣé ẹni tó wà ní aba ni yóò kà mọ́ ti ilé, àbí kó gbàgbé rẹ̀? Bó bá sì rántí, ṣé yóò dárúkọ rẹ̀, nígbà tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá kà lónìí ni wọ́n ń bọ̀ wá gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la? William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa àwọn ìlú Yorùbá ní 1955, rí i pé ìlú wa tóbi bí ìlú ńlá ilẹ̀ òyìnbó, síbẹ̀ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìkànìyàn wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan méjì ló ṣeé ṣe: kí wọ́n má kà á níbì kankan, tàbí kí wọ́n kà á ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Níbo wá ni orúkọ rẹ̀ wà? Èmi gbà pé ìjọba kì í kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ibi tí owó ti jáde lápò rẹ̀ tàbí ibi tó ti jà ni wọ́n ti kọ ọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó. Nǹkan bí 1918 ni owó orí gbilẹ̀ ní Ẹkùn Ọ̀yọ́ ayé òyìnbó, tí Òṣogbo wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Old Garage ní Òṣogbo fi ti bàbá tirẹ̀ hàn mí. Agolo bisikíìtì tí ìpata ti jẹ létí ló kó wọn sí, ó fi ọ̀rá wé wọn. Ìwé kékeré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó ti pọ́n, ikán ti jẹ igun kan níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, iye ṣílè wà níbẹ̀, ọdún, orúkọ ẹni tó san án, àti agbo ilé tó ti san án. Mo tò wọ́n sórí ẹní. Ẹnì kan náà ló ni gbogbo wọn, agbo ilé kan náà ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n "Ojo" ni wọ́n kọ sórí ọ̀kan, "Akanni" wà lórí èkejì, "Sule" wà lórí òmíràn. Mo bi bàbá pé ṣé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Bàbá mi náà ni gbogbo wọn. Ìwọ́ ló gbé kọ́rùn wá sáyé, ni wọ́n fi ń pè é ní Òjó. Ìyá rẹ̀ ń fi Àkànní kì í. Nígbà tó wá kírun, wọ́n sọ ọ́ ní Súlè. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lọ sanwó lọ́jọ́ náà ló ń sọ orúkọ tí akọ̀wé ń kọ."

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ wá ẹnikẹ́ni nínú ìwé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kẹ́ ẹ kó gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe onítọ̀hún jọ: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, orúkọ ìmàle tàbí ti ìgbàgbọ́, àti èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣàwàdà. Ẹ tún rántí pé ọmọ méjì tí bàbá kan náà bí lè jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílé ìwé. Akọ̀wé òyìnbó sì ń kọ Oshogbo, ó ń kọ Ilesha. Ẹni tí kò bá wá a bẹ́ẹ̀ yóò kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ti ìjà ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ayé òyìnbó kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ láéláé. Bí ẹnì kan bá pe èkejì lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀, yóò dúró, yóò ní, ta ló kọ́kọ́ fi àdá ṣán igbó yìí, ta ló jogún rẹ̀, ta ni wọ́n yá a fún, igi wo ni ààlà. Ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò kà sílẹ̀ níwájú adájọ́, akọ̀wé á sì máa kọ ọ́ lọ. Kí ẹ máa fi ìṣọ́ra kà á, nítorí ẹni tó ń jà sí ilẹ̀ kò ní ka ìran rẹ̀ lọ́nà tí yóò mú un jẹ̀bi. Ẹ wá ẹjọ́ ti ẹnì kejì náà, kẹ́ ẹ fi wé e.

Àwọn ìyá wa ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkùnrin ni wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ ò ní rí obìnrin nínú ìwé owó orí. Inú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n wà. Ìyàwó tó bá fẹ́ kọ ọkọ, ọkọ tuntun gbọ́dọ̀ dá owó orí ìyàwó padà fún ti àkọ́kọ́, kọ́ọ̀tù ló sì ń bá wọn ṣírò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ obìnrin, orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ọmọ tó ti bí. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọjọ́ tí ilé tú nìkan ni ìjọba rí ìyá ńlá wa, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti wò ó.

Ilé ìwé tún wà. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ya wọ ilé ìwé. Olùkọ́ á ní kí ọmọ fi ọwọ́ kọjá lórí orí kó fi kan etí kejì, bó bá kàn án, ó tó ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù, orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti pẹ́ ní aba yín tàbí ní ìtòsí rẹ̀, ẹ lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé níbẹ̀ kó bá yín wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní Iléṣà àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìwé ìtẹ̀bọmi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pẹ́ lè gbé yín jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Òṣogbo tí Ìsìláàmù ti gbilẹ̀, ìyẹn kò lè ran ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́, ẹ̀rí ẹnu àwọn àgbà ni ẹ ó gbára lé níbẹ̀.

Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló ṣe agbátẹrù ètò náà ní àwọn ọdún 1950. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè àwọn fáìlì tí wọ́n kọ Oyo Prof sí lára, àti Iba Div, nítorí pé abẹ́ Ìbàdàn ni Òṣogbo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá wá orúkọ ìlú wa nìkan, tí kò bèèrè ti Ìbàdàn, yóò padà wá láìrí nǹkan kan. J.D.Y. Peel jókòó ti irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì bá àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀, kó tó kọ ìwé rẹ̀ nípa àwọn Ìjẹ̀ṣà tó jáde ní 1983. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ìwé náà kà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn kan tí kì í fi ọkàn mi sílẹ̀. Ní 1860, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Clotilda kó àwọn èèyàn wa láti etíkun Dàhọ̀mì lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ wọn ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 1808. Ọmọdébìnrin bí ọmọ ọdún méjì kan wà nínú ọkọ̀ náà, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Matilda. Ó dàgbà, ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń pín irè oko, ó bí ọmọ mẹ́rìnlá, ó sì kú ní 1940. Ilà Yorùbá wà lójú rẹ̀ títí ó fi kú. Ní 2020, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, kó ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ ìjọba jọ, ó fi tọpa ayé obìnrin náà. Ọmọọmọ rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá àgbà òun wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní 1850 àti 1860, ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà kò kọ orúkọ ẹrú, orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ orí ẹrú sábẹ́ rẹ̀. Láti 1870 ni wọ́n ti ń kọ gbogbo èèyàn dúdú lórúkọ. Lẹ́yìn ọdún 72, wọ́n á ṣí ìwé náà fún gbogbo ayé, bí wọ́n ṣe ṣí ti 1950 ní 2022. Àgbẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú, a lè fi ìwé ìkànìyàn wá ìran rẹ̀ títí dé 1870. Àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sílé, tó ń kọ ebè lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sí ìwé ìkànìyàn tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyẹn ń fi omijé wá ni àwa fi sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ọmọ tó ṣẹ́ kù sílé ní oríkì orílẹ̀. Ó mọ ìlú tí wọ́n ti ṣí wá.

Èyí ṣe pàtàkì ní Òṣogbo ju ibi púpọ̀ lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn èèyàn sá wọ ìlú yìí láti ìlú tí a kò rí ògiri wọn mọ́. Nǹkan bí 1840, ibí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti lé ti Ìlọrin padà. Ogun Kírìjì tún dé ní ìparí àwọn ọdún 1870, ó tú àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ká kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Agbo ilé kan náà lè kó ìran mẹ́rin tí kò bára tan. Karin Barber tó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970 fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991 pé oríkì orílẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń mọ ara wọn yàtọ̀ nínú ilé kan náà, àwọn obìnrin ló sì mọ̀ ọ́n kì jù. Nítorí náà, ẹ má fi ìwádìí yìí sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin nìkan. Bí baálé bá sọ fún yín pé ìran kan náà ni gbogbo wa, ẹ lọ bá ìyàwó ilé tó dàgbà jù, ẹ ní kó kì yín.

Ẹ ó máa gbọ́ ọdún tí kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà. Wọ́n á ní ọdún tí lùkúlùkú jà, ọdún tí rélùwéè dé, ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí Àtàọ́ja Adénlé, ọba Òṣogbo, gorí oyè, ìyẹn 1944. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ tó yí i sí ọdún òyìnbó. Àwọn akànìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí bàbá yín bá kú, kẹ́ ẹ tó gbá yàrá, ẹ tú àpótí. Rìsíìtì owó orí, ìwé àwọn tó ń ra kòkó, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹ má jó wọn. Ẹ fi fóònù yà wọ́n, ẹ kọ ẹni tó ni wọ́n sẹ́yìn ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe. Ìyá tó bá ti lé lọ́gọ́rin ọdún nílé yín lónìí lè ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá ìyá tirẹ̀, tí wọ́n bí kí wọ́n tó tú àgọ́ Kírìjì ká. Ẹ bi í ní orúkọ ìyá yẹn, ẹ bi í ní agbo ilé tí wọ́n ti gbé e níyàwó àti aba tó ti bímọ, ẹ tẹ fóònù kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ẹ ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ yìí.